Ẹ Gbé Dúróònù Yín Wálẹ̀, Ká Lè Gbọ́ Ohùn Ọkọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi gidigidi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwa tí a jọ dáwó háyà ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, kámẹ́rà ti wà ní sẹpẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ti fẹ̀yìn rìn lọ sísàlẹ̀ òkè, kó lè tún gun òkè náà wá, ká lè yà á ní fọ́tò àti fídíò. Bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ tí awakọ̀ fọn fèrè, ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin lókè orí wa. Dúróònù, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń gbé kámẹ́rà, tí wọ́n ń darí láti ilẹ̀! Ó lọ dúró síwájú ihò èéfín gan-an, inú àwòrán gbogbo wa ló wà. Mo délé, mo gbọ́ fídíò mi: fèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kíkùn ló bò ó mọ́lẹ̀.

Wọ́n bá ẹni tó ni ín wí, ó ní òun náà sanwó. Àwa ńkọ́, ṣé ọ̀fẹ́ la wọlé?

Mi ò kórìíra dúróònù. Ọkọ̀ tó ń gba orí afárá kọjá, tí èéfín rẹ̀ nà gbọọrọ sẹ́yìn, ó dùn ún wò láti òkè. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹnì kan ń gba tirẹ̀, ó ń ba ti gbogbo èrò jẹ́. Ti fọ́tò ṣì sàn, a lè fi kọ̀ǹpútà pa dúróònù rẹ́. Ta ni yóò bá mi yọ kíkùn kúrò lára ohùn ẹ́ńjìnì?

Àwọn aṣòfin ní tiwọn ti fi ẹsẹ̀ bàtà 400 ṣe òdiwọ̀n ibi tí dúróònù lè fò ga dé ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi mítà 120 ṣe é ní Yúróòpù, wọ́n sì ní kí ẹni tó ń darí rẹ̀ máa fojú ara rẹ̀ rí i. Ó dáa. Kò sí èyí tó ní kó má wá sójú kámẹ́rà ẹlòmíì. Ọwọ́ àwọn olùṣètò ìrìn wa nìyẹn wà, owó gbígbà nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Bí a bá ké, wọn a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kí wọ́n yan ìgbà fún dúróònù. Bí ọkọ̀ yóò bá kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwa orí ilẹ̀, kí dúróònù wà nínú àpò. Kí ìkẹyìn jẹ́ tiwọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kíkùn, kó lọ mumi. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí à ń rí kí a tó sanwó, kí wọ́n sì tún un sọ láàárọ̀ kí a tó wọkọ̀. Kí gbogbo onídúróònù dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùṣètò, kó jẹ́ òun ni yóò máa sọ pé ó yá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa gbé e sókè o, torí bí méjì bá kọlura, orí ta ni yóò já lé? Ẹni tó bá rú òfin yìí, kí wọ́n má gba owó rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń kúrò lórí ìlà tí àwa ayàwòrán tò sí lọ dúró síwájú ẹlòmíì, kí wọ́n pè wọ́n padà. Ti àwọn tó ń wọ orí irin kọjá ìyẹn: nígbà tí Flying Scotsman, ọkọ̀ ojú irin eléèéfín olókìkí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 2016, tó ń ti London lọ sí York, àwọn èèyàn kún orí irin débi pé ọkọ̀ ní láti dúró. Ọlọ́pàá ló tọ́ sí irú wọn.

Wọ́n tún ti ń polówó ìrìn mìíràn. Kí wọ́n sọ ìgbà tí dúróònù yóò fò àti ìgbà tí kò ní í fò, kí n tó san kọ́bọ̀.

Òǹkàwé yín tínú ń bí