Ọlọ́wọ́ Òsì Inú Àwòrán

Òkè-Balógun,
Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán àwọn ológun ìdílé yín tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi ń kọ̀wé yìí, nítorí ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́.

O ní Màmá sọ pé ọdún 1940 ni wọ́n yà á, àti pé Bàbá Àgbà ni géńdé tí ó dúró ní apá ọ̀tún, nítorí pé ọwọ́ òsì ni ó fi di ọ̀pá kékeré rẹ̀ mú. Òótọ́ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni Bàbá Àgbà. Èmi náà rántí bí inú ṣe máa ń bí àwọn àgbà àdúgbò nígbà tí Bàbá Àgbà bá fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí wọn. Síbẹ̀, má bínú, n kò gbà pé àwọn ni ẹni yẹn.

Àyà bàbá arúgbó tí ó jókòó láàárín ni mo ti kọ́kọ́ fura. Nígbà tí mo fi díńgí tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, mo rí àmì-ẹ̀yẹ méjì, tí obìnrin abìyẹ́ kan wà lára ọ̀kan nínú wọn, irú èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ó ja ogun 1914 sí 1918. A jẹ́ pé bàbá náà ti ṣe sójà kí àwọn ọmọ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n àyà ọ̀tún ni àmì-ẹ̀yẹ náà wà, bẹ́ẹ̀ àyà òsì ni sójà máa ń fi tirẹ̀ sí. Mo wá wo ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ méjèèjì: apá ọ̀tún ni ihò bọ́tìnì wọn wà, bíi ti búláòsì èmi àti ìwọ! Ayàwòrán ni ó dojú fíìmù dé nígbà tí ó ń tẹ àwòrán náà, tí ọ̀tún fi di òsì, tí òsì sì di ọ̀tún. Ẹni tí ẹ ń pè ní Bàbá Àgbà, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi mú ọ̀pá. Èkejì rẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lò nínú àwòrán, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò kà sí, ni ọlọ́wọ́ òsì gan-an.

Wo òkè apá aṣọ ẹni yẹn dáadáa. Àmì róbótó kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni. Aláǹtakùn dúdú ni, ó dorí kodò. Àmì Dífíṣọ́ọ̀nù 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1943, tí wọ́n sì mú aláǹtakùn rẹ̀ láti inú àlọ́ àwọn ará Gáná. Àwòrán náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn.

Àwọn ni wọ́n kó lọ jagun ní Bóòmá ní ilẹ̀ Éṣíà, sí àfonífojì Kaladan, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, tí àwọn aláàárù fi orí ru ẹrù ogun, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn ní 1944. Ǹjẹ́ o rántí ìrẹsì tí Bàbá Àgbà ní ó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run? Àwa ọmọdé sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, èmi ni mo sì rẹ́rìn-ín jù.

Mo gbé àwòrán náà lọ bá ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọn kò wo ọ̀pá, wọn kò wo aṣọ. Wọ́n fi ìka kan ẹni tí Màmá ń pè ní Bàbá Àgbà, wọ́n ní: “Àbúrò nìyí. Òun ni ó máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sí etí ọ̀sà.” Orúkọ rẹ̀ ni wọn kò rántí.

Jọ̀wọ́, rọra bi Màmá bóyá baba wọn ní àbúrò tí ó ṣe sójà, kí o sì ya ẹ̀yìn àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi, torí ó dà bí ẹni pé yíǹkì kan hàn láti ẹ̀yìn níbi igun ìsàlẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Ìbejì.