Fífẹ̀ lókè, tín-ín-rín nílẹ̀

Ògìdì, Ìjùmú
Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Fẹ́mi ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kun o! Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ tó o fi ránṣẹ́ láti Kánádà ti di ti gbogbo àdúgbò. Èmi gan-an ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó rí i gùn.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ wa fẹ́ là sí ẹ̀gbẹ́ òkè ló mú mi kọ̀wé. Ìpàdé àná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní òun á gbé katapílà wá, kó fẹ̀ tó mítà 2, kó lè jọ ọ̀nà gidi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bó bá fẹ̀ tó yẹn, ọlọ́kadà la là á fún." Wọ́n bínú náà ni.

Mo wo ìwọ̀n tí IMBA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Amẹ́ríkà, fi ń pín ọ̀nà singletrack, ìyẹn ọ̀nà tóóró tó gba kẹ̀kẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, sí ìpele. Èyí tó rọrùn, tó ní àmì róbótó aláwọ̀ ewé, íǹṣì 36, ó kéré tán. Ti aláwọ̀ búlúù, 24. Ti dáyámọ́ǹdì dúdú, 12. Èyí tó le jù lè mọ ní 6 péré! Ìyàwó mi ò tíì fẹ́ di opó, n ò ní débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀n yẹn. Ṣé o rántí ọ̀nà oko tí ìyá àgbà máa ń gbé igi gbà bọ̀? Nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló gbà, koríko á máa ha wá ní kókósẹ̀. Lókè, níbi tí igi dábùú orí wọn, àdá ti ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ̀kẹ́ yìí. Táyà rẹ̀ ò ju íǹṣì méjì àti díẹ̀ lọ, àmọ́ mo wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà láti òpin kan dé èkejì, sẹ̀ǹtímítà 78 ni. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ojú ọ̀nà jẹ́ íǹṣì 24, ká wá ṣán igbó tó mítà kan àti ààbọ̀ láti orúnkún sókè. Níbi kọ́nà tí a ò ti lè rí iwájú, ká fi kún un, nítorí àwọn tó ń ti oko bọ̀.

Àgbàrá ló bà mí lẹ́rù jù. Omi tó ń ṣàn bọ̀ látorí àpáta, bó bá rí ọ̀nà gbọọrọ tó fẹ̀, ibẹ̀ ló máa gbà, kó tó pẹ́, kòtò ti dé. Kí ojú ọ̀nà rọra dà sí ìsàlẹ̀ òkè, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí omi kọjá lórí rẹ̀ lọ. Bí ẹrẹ̀ bá dúró sójú kan, ẹlẹ́sẹ̀ á yà á, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ á yà á, ọ̀nà kan á di mẹ́ta láìsí katapílà. Lọ wo ẹ̀yìn ilé-ìwé tí a jọ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní ká mú okùn wá lọ́jọ́ Sátidé, ká wọ̀n ọ́n lójú àwọn. Jọ̀ọ́, ya fọ́tò ọ̀nà tí ò ń gùn lọ́hùn-ún fún mi, kó o gbé rúlà dábùú rẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Bó o bá sì ń bọ̀ ní Kérésì, bá mi mú rọ́bà bíréékì méjì dání. Àwọn ọmọ yìí ti jẹ tìyẹn tán.

Èmi ni,
Dàre