Lẹ́tà sí Gbóyè ní Cork, Ireland: Ṣé Kí Tòmíwá Wá Kàwé Nílé?

Akoka, Yábàá,
Èkó.

Gbóyè Wíńgà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ìyá Tòmíwá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Otútù tibẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti ń mọ́ yín lára? Àwa níbí ń bẹ, a dúpẹ́. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí mo lè dáhùn nínú ọkọ̀ dánfó, ni mo ṣe ní kí n fara balẹ̀ kọ lẹ́tà, bí a ti máa ń kọ̀wé sí àwọn ọmọbìnrin Holy Child nígbà yẹn, tí wọn kì í sì í dá wa lóhùn.

O ní Tòmíwá ọmọ rẹ ti ń fèsì sí ọ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé fóònù ni láàárọ̀, fóònù ni lálẹ́. O wá ní o fẹ́ fi í ránṣẹ́ sílé kí ó wá parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ní St. Finbarr's, ilé-ìwé àwa méjèèjì ní Akoka níbí, kí àwọn Fadá bá ọ tún un tò. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Gbóyè, ta ló tún ìwọ tò? Ìwọ tí o máa ń gba ẹ̀yìn jáde lọ jẹ ẹ̀wà àgánnyìn ní Bàrígà nígbà tí tíṣà ìṣirò ń pe orúkọ!

Ohun kan wà tí ìwọ àti èmi máa ń gbàgbé bí a bá ti ń ròyìn ilé-ìwé wa. Àwa ò bá àwọn Fadá níbẹ̀. Ìjọba ti gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ kí a tó wọlé, Gómìnà Jákàńdè sì ti dé ní 1979, ó ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, èrò ti kún gbogbo ilé-ìwé Èkó. Ọdún 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó dá àwọn ilé-ìwé mísọ́ọ̀nù padà fún àwọn tó ni wọ́n. Fadá Denis Slattery tí a máa ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ara wa, ìtàn rẹ̀ la gbọ́. Ó ti kúrò nípò ọ̀gá kí wọ́n tó rán yúnífọ́ọ̀mù fún wa. Nítorí náà, ilé-ìwé tí Ayọ̀kúnlé ọmọ mi ń lọ lónìí, orúkọ àti ilẹ̀ ló fi bá tiwa dọ́gba. Owó rẹ̀ pàápàá yàtọ̀, bí o bá mọ̀ ọ́n o ò ní pè é ní ọ̀fẹ́. Màá fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀ kí ìyàwó rẹ má baà bá a nínú lẹ́tà.

Ìwọ gan-an lo wá sún mọ́ Fadá yẹn jù báyìí. Fermoy tí wọ́n ti bí i, County Cork tí o ń gbé náà ló wà. Finbarr, ẹni mímọ́ tí Cork fi ṣe alábòójútó ìlú wọn, ni Fadá náà fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé wa nígbà tó dá a sílẹ̀ ní 1956. Àwọn Fadá SMA, ẹgbẹ́ mísọ́nnárì Àgùdà fún Áfíríkà, ló rán an wá sí ilẹ̀ wa. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald nílùú Èkó, ó sì tún máa ń fọn fèrè rẹfirí lórí pápá. Fadá tó ń kọ ìròyìn, tó tún ń lé agbábọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ̀ jáde! Èmi rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nílé-ìwé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn agogo ìparí kò lè jẹ́ ohun tí a ń fojú kéré.

Bọ́ọ̀lù layé mọ̀ wá sí, ìwọ náà sì wà lára àwọn tó fà á. Henry Nwosu wà nínú ẹgbẹ́ tó na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́dún 1980, tí Nàìjíríà fi gba Ife Áfíríkà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ogún ọdún. Keshi ni balógun nígbà tí a gbà á ní Tùnísíà lọ́dún 1994. Nígbà tí a tún gbà á ní South Africa lọ́dún 2013, òun náà ni kóòṣì. El-Gohary ará Íjíbítì nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Nwosu àti Keshi, orí pápá Akoka ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá ti wá bá Gregory's, ilé-ìwé Àgùdà ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1928, pàdé nínú Principals Cup, ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ìwé girama, ta ló tún rántí ìdánwò?

Ibẹ̀ ni ìṣòro mi wà. Ayọ̀kúnlé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kò mọ̀ ọ́n rárá, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó wọ JSS1, mo ra bàtà bọ́ọ̀lù olówó iyebíye fún un; bàtà náà ò rí ẹrẹ̀ títí ó fi kéré mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fi gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé wa báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n gbá ju ìwọ lọ.

Ẹnu ni ti Ayọ̀kúnlé. Ó pẹ́ dé àsẹ́ńbílì láàárọ̀ ọjọ́ kan, pírífẹ́ẹ̀tì ní kí ó lọ gé koríko, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ọ̀nà dí, kẹ̀kẹ́ Márúwá bàjẹ́, òfin ilé-ìwé fúnra rẹ̀ sì sọ báyìí báyìí. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá lọ dúró gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìwọ, tí o bá gé koríko náà tán, wá rí mi." Bó ṣe wọ ẹgbẹ́ àríyànjiyàn nìyẹn. Ó gé koríko náà tán ṣá o.

Láti ìgbà náà ilé wa ò sinmi. Á dúró síwájú dígí, á so táì mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, á wá bẹ̀rẹ̀: Alága ìjókòó, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí aago rẹ̀ kì í purọ́, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ o mọ̀ ọ́n lórí. Ìkíni yẹn kò yí padà láti ìgbà tiwa. Àbúrò rẹ̀ ni olùṣọ́ àkókò. Bó bá ti pé ìṣẹ́jú mẹ́rin, á fi ṣíbí lu àwo gbàǹgbàǹ, ì báà jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ lẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Kì í ṣàánú.

Nígbà tó di sáà tó kọjá, wọ́n bá àwọn ilé-ìwé Àgùdà mìíràn díje. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni pé ilé-ìwé ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, sàn ju kí a pa wọ́n pọ̀. Tiwa ló ní ó sàn. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ló ní kò sàn. Ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó tún jígí ojú rẹ̀ ṣe, ó ní, "Bí ilé-ìwé ọkùnrin nìkan bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ Finbarr's fi ń tún táì wọn so látìgbà tí a ti wọlé?" Gbọ̀ngàn hó yèè. Fadá tó jókòó ṣe alága fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ọmọ mi, mo ní ó parí.

Ayọ̀kúnlé dìde. Kò sọ̀rọ̀. Ó tú táì rẹ̀, ó tún un so lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ní ẹ̀rí tòun gan-an lọmọbìnrin náà mú wá: bó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ni àwọn ń rí wọn ní kíláàsì, ìgbà wo làwọn yóò ráyè kàwé? Gbóyè, mo dìde lórí ìjókòó, mo pariwo bí ọjọ́ tí o gba bọ́ọ̀lù wọlé Gregory's. Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n rọra.

Àwọn ọmọbìnrin yẹn ló borí o. Wọ́n múra sílẹ̀ ju tiwa lọ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn olùsọ̀rọ̀ tó pegedé jù, ìwé atúmọ̀-èdè àti mẹ́dàlì kan. Ìyá rẹ̀ ti fi mẹ́dàlì náà kọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá wá wo bọ́ọ̀lù nílé wa, á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn táì.

Ti àdúrà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìyá rẹ yóò béèrè. Bí aago bá ti lu méjìlá ọ̀sán, wọ́n á ka Áńjẹ́lọ́ọ̀sì: ẹni tó ń sáré á dúró, ẹni tó ń kọ̀wé á gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí wà ní kíláàsì rẹ̀, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ títí wọn á fi ṣe tán. Àwa ọmọ Áńgílíkà nílé, ṣùgbọ́n Ayọ̀kúnlé ti wà lára àwọn tó ń ka Bíbélì nígbà Mísà, nítorí ohùn rẹ̀ yẹn. Màmá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé wọn ò ní sọ ọmọ òun di Fadá báyìí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ń tún táì so tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọbìnrin kò ní ṣe Fadá.

Ẹgbẹ́ oníròyìn wà, wọ́n ń lẹ ìwé ìròyìn mọ́ pátákó ìkéde. JETS wà fún àwọn tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì, akọrin wà, Lejio Maria, ẹgbẹ́ aládùúrà àwọn Àgùdà, náà wà. Ohun tí kò wù mí nínú gbogbo ètò yìí, àwọn òbí ni. Nílé-ìwé kan tí n ò ní dárúkọ, mo gbọ́ pé bàbá kan san owó fún ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ó bú sẹ́kún lórí pèpéle. Gbogbo wa ń wá sàtífíkéètì tí ọmọ yóò fi wọ yunifásítì òkè òkun, a sì fẹ́ gba eré lọ́wọ́ ọmọ ṣe é fún un.

Ó dára, Tòmíwá. Ojú tí mo fi wò ó nìyí. Bó bá jẹ́ ìyà lo fẹ́ fi wíwá sílé jẹ ẹ́, má rán an wá. Ọmọ tí a bá kó wá bí ẹrù tí wọ́n dá padà, kò ní wọ ẹgbẹ́ kankan, ẹ̀yìn kíláàsì ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ka oṣù tí yóò fi padà. O sọ fún mi pé ó ń ta hurling dáadáa, eré àwọn ará Ireland tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Tani yóò bá a ta á ní Akoka? Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, o sì ń retí kí ó dúpẹ́. Ilé-ìwé tó ń lọ níbẹ̀ náà, ṣebí ti Àgùdà ni, o ní orí òkè ni àgbélébùú rẹ̀ wà téèyàn fi ń rí i láti ọ̀nà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdún kẹrin tí wọ́n ń pè ní Transition Year ń bọ̀ níwájú rẹ̀, ọdún tí wọ́n yọ̀ǹda kí ọmọ fi dán iṣẹ́ àti eré oríṣiríṣi wò láìsí ìdánwò ńlá lọ́rùn. Àwa ibí ò ní irú rẹ̀. SS1 ni yóò bọ́ sí tààrà, tí wọn á ti máa fi WAEC dẹ́rù bà á.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fẹ́ wá, ọ̀rọ̀ yí padà, yàrá wà nílé mi. Nítorí náà, jẹ́ kí ó wá wò ó ná. Nínú oṣù Kẹfà ni yóò parí ìdánwò ọdún kẹta rẹ̀. Àwa ò ní parí sáà kẹta títí di ìparí oṣù Keje. Kó wá lo àkókò díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò ní lè wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n yóò bá Ayọ̀kúnlé lọ sí ọjọ́ ìfúnnilẹ́bùn, yóò bá wọn wo bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, yóò gun dánfó, yóò sì gbọ́ èdè Yorùbá tí o ní kò fẹ́ sọ. Má sọ fún un pé ìdánwò ni. Kí o tó rán an, mú un lọ sí Gougane Barra, ibi adágún tí wọ́n ní Finbarr ti gbé. Kí ó lè rí ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ ibí, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó débẹ̀ rí.

Fún mi lésì kí oṣù Kẹrin tó parí, kí n lè bá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Bá mi kí Ìyá Tòmíwá gidigidi. Tòmíwá bá sì ń bọ̀, kó mú igi hurling méjì dání. Àbúrò Ayọ̀kúnlé ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní òun ti rí eré tòun.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Dépò.