Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Atẹ̀wé Òṣogbo Lórí Oníbàárà Tó Ní Kí Ẹ Dín Owó Kù

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú yín pa ní Òkè-Fíà, tí ọlọ́pàá sì mú un lọ, nítorí pé ó gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà mẹ́ta, kò sì rí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn gbé sílẹ̀. Olè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. N kò ní gbè é, nítorí pé owó olówó kì í ṣe ohun tí à ń ná. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀, kì í ṣe fàájì, kì í sì í ṣe tẹ́tẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí owó tí àwọn ọmọ olóògbé dá kò tó bí wọ́n ṣe rò, wọ́n sọ ọ́ di 300, wọ́n sì ní kí ó yọ owó 200 tó kù kúrò. Lójú ẹsẹ̀ ló ní, "Kò sí wàhálà, mà." Ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí pé ẹnu púpọ̀ nínú yín ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦400,000 ni owó iṣẹ́ 500 ẹ̀dà náà. Ká ní ₦150,000 nínú rẹ̀ ni ti kíkọ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, títo ojú ewé, pléètì (páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń ya ojú ewé sí kí a tó fi tẹ̀wé), àti ṣíṣètò ẹ̀rọ kí ìtẹ̀wé gan-an tó bẹ̀rẹ̀. ₦200,000 ni bébà, íǹkì àti dídì. ₦50,000 sì ni èrè. Bí ẹ̀dà bá di 300, bébà, íǹkì àti dídì yóò sọ̀kalẹ̀ sí ₦120,000, ṣùgbọ́n ₦150,000 ti ìṣáájú kò ní mira rárá, nítorí pé pléètì tí a fi ń tẹ ẹ̀dà kan náà ni a fi ń tẹ ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ náà yóò jẹ ₦270,000 kí a tó sọ̀rọ̀ èrè. Oníbàárà, ní tirẹ̀, ti pín ₦400,000 sọ́nà 500, ó ti rí ₦800 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ó sì ka ₦240,000 síwájú ọmọ náà. Ọmọ náà gbà á, ó tún dúpẹ́. Níbo ni yóò ti rí ₦30,000 tó ti wọlẹ̀ yẹn? Nínú owó àsansílẹ̀ ẹni tó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ni. Níbo ni yóò ti rí ti oníkàlẹ́ńdà? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí ọlọ́pàá fi dé.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lójú ọ̀nà Sítéṣàn, lẹ́tà òjé ni a ń fi ọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, tí a ó sì tò wọ́n ní òdìkejì kí wọ́n lè hàn bó ṣe yẹ lórí bébà. Bí oníbàárà bá dé lẹ́yìn tí a ti tò ó tán, tó ní kí a yọ ìpínrọ̀ kan, yóò máa rò pé iṣẹ́ ti dín fún wa. Ó ti pọ̀ sí i ni. A ó tú ojú ewé náà, a ó sún àwọn ìlà tó kù, a ó tún un dì, a ó sì dá lẹ́tà tí a yọ padà sí ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí lẹ́tà bá ṣìnà nínú àpótí, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́la ló máa jìyà rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í bá oníbàárà jiyàn lórí èyí. Ó ní àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lẹ́tà. Ibẹ̀ ni yóò fi oníbàárà náà jókòó sí, yóò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwọn ọmọ yìí díẹ̀ ná kí a tó sọ̀rọ̀ owó," yóò sì padà sídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Mo rántí olóyè kan tó jókòó síbẹ̀, tó ń wo bí mo ṣe ń fi ìka tí íǹkì ti sọ di dúdú dá lẹ́tà padà, tó sì fúnra rẹ̀ sọ pé kí owó wà bó ṣe wà. Ó tún ra àkàrà fún wa. (Àkàrà ayé ọjọ́un kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìsinsìnyí.)

Ẹ ó ní ayé òjé ti lọ, kọ̀ǹpútà ti dé. Kí ló yí padà? Ìwé tí a fi pínnì gún láàrin, mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú ewé rẹ̀ ń rìn, nítorí pé bébà kan tí a ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ló ní. Oníbàárà tó ní kí ẹ yọ ojú ewé méjì nínú 24 kò tíì dín bébà kankan kù. Ojú ewé òfìfo méjì ló rà. Ẹ wí fún un. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Bí iwájú ìwé bá jẹ́ aláwọ̀, pléètì mẹ́rin ni, ọ̀kan fún àwọ̀ íǹkì kọ̀ọ̀kan. Bó bá yọ fọ́tò ọmọ-ọmọ méjì kúrò lára rẹ̀, mẹ́rin náà ló ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí gbogbo rẹ̀ di dúdú lórí funfun, ìyẹn dín owó kù lóòótọ́, ẹ dín in fún un, ẹ má sì fajúro.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan wà nínú yín tí wọn kì í dá kọ́bọ̀ padà, kódà lórí bébà tí wọn kò tíì rà. Ìrẹ́jẹ nìyẹn.

Àbí ta ló sọ fún yín pé oníbàárà yóò sá lọ bí ẹ bá ní kí ó jẹ́ kí ẹ ṣírò? Ó ti sú mi! Ẹ̀yin tí ẹ lè bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀ ₦100 láti Ọláìyá dé Ìgbọ̀nà títí ojú yóò fi pọ́n, ẹnu yín á wá kú níwájú Alhaji tó ní kí ẹ fi ₦160,000 sílẹ̀. Ẹ ní ọ̀wọ̀ àgbà ni. Èmi náà àgbà ni, mo sì mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ kì í san owó pléètì. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wá sọ pé, "Bàbá, ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ kí n ṣírò ohun tí àyípadà yìí dín kù." N kò tíì rí àgbà tó bínú sí ìyẹn.

Àkókò náà wà níbẹ̀ tí ẹ kì í kà. Ẹni tó ní kí ẹ tẹ abẹ̀bẹ̀ 2,000 fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tó wá ní 800 ni òun fẹ́ mọ́ nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mú kí ẹ kọ iṣẹ́ ẹlòmíì. Bébà tí ẹ sì ti lọ rà ní Ṣómólú, tí ẹ ti gé sí ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó tà á kò ní gbà á padà. Ti oníbàárà ni. Ẹ dì í fún un kí ó máa gbé e lọ.

Bí opó kan bá wá, tí ẹ rí i pé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ẹ ṣàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú èrè ni kí ẹ ti yọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ fi ta á lọ́rẹ ni. Ẹ má fọwọ́ kan owó pléètì.

Láti 1991 tí Òṣogbo ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni iṣẹ́ ìjọba ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́tà ni wọ́n sì fi ń béèrè iṣẹ́. Ẹni tó bá fi lẹ́tà dín iṣẹ́ kù, lẹ́tà ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá fi fóònù sọ ọ́, ẹ kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ fi iye owó tuntun sí i.

Kí ẹ tó gba owó àsansílẹ̀, ẹ ya iye pléètì àti ètò ojú ewé sọ́tọ̀ lórí ìwé, kí ẹ kọ iye bébà sí ìlà tirẹ̀, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí iye ẹ̀dà bá dín kù, ìlà bébà nìkan ni ẹ ó jọ máa wò. Bó bá sì ní ilé ìtẹ̀wé mìíràn ni òun ń lọ, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ iye iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kúrò nínú owó rẹ̀, ẹ ka ìyókù fún un lójú ẹlẹ́rìí kan, ẹ kó pléètì rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ pé òun ti gbà á.

Èmi ni, bàbá yín nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé,
Òṣogbo.