Àdùkẹ́, a ti rí Nora

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé mo jẹ ọ́ ní lẹ́tà láti ìgbà Kérésìmesì, jọ̀wọ́ má bínú. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, tí mo bá ti délé, oorun ló kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, ìwọ ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún.

O rántí màmá arúgbó tí mo ń tọ́jú níhìn-ín ní Cork, ní ilẹ̀ Ireland, àwọn tí wọ́n máa ń ní kí n kọ orin ìjọ wa fún àwọn kí wọ́n tó sùn? Ẹni ọdún 91 ni wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ Nora kò ti kúrò lẹ́nu wọn. Nora ni àbúrò bàbá tó bí bàbá wọn. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti Queenstown, èbúté tí à ń pè ní Cobh lónìí. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó ń kọ̀wé, nígbà tó ṣe, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Màmá ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, àdúrà alẹ́ kì í parí nínú ilé àwọn láìdárúkọ Nora.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá a. Àṣé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ ìdílé wọn wọ́pọ̀ ní Cork bí Adéyẹmí ṣe wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Ìwé tí ì bá sì ràn wá lọ́wọ́ ti jóná. Ní 30 oṣù Kẹfà 1922, níbẹ̀rẹ̀ ogun abẹ́lé wọn, iná sọ nílé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní Four Courts, ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan nínú wọn. Wọ́n ní àjókù ìwé ń fò kiri lójú ọ̀run ìlú. Ti 1861 àti 1871, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ti ní kí wọ́n run wọ́n tẹ́lẹ̀. Ti 1881 àti 1891, wọ́n lọ̀ wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Rò ó wò, Àdùkẹ́. Pòtétò tí à ń pè ní Áírìṣì lọ́jà Bódìjà, òun ni àrùn kọlù lóko wọn ní 1845. Títí di 1852, nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn ni ìyàn pa, àwọn tó sá jáde nílùú lé ní mílíọ̀nù kan. Ìwé tó kọ orúkọ àwọn èèyàn yìí àti ilé tí wọ́n gbé gan-an ni iná jó. Ó dùn mí bí ẹni pé ará ilé mi ni wọ́n.

Ìkànìyàn 1901 àti 1911 ló kù lódindi, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí ilé wọn nínú méjèèjì. Nora ti lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni ọdún 52 ní 1901, ẹni ọdún 70 ní 1911! Ọdún 10 kọjá, ó fi 18 dàgbà. Mo ní a ti ṣìlé. Màmá ló là mí lóye. Ní oṣù Kìíní 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn arúgbó tó ti pé 70 ọdún lówó, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìjọba kò sì forúkọ gbogbo ọmọ tuntun sílẹ̀ títí di 1864, nítorí náà, ta ló fẹ́ jiyàn? Àwọn òṣìṣẹ́ a máa bi arúgbó bóyá ó rántí Òru Ìjì Ńlá, ti oṣù Kìíní 1839. Gẹ́lẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń sọ pé ọdún lúkúlúkú ni wọ́n bí àwọn. N kò dá ìyá náà lẹ́bi o. Àárín ìyàn ni wọ́n bí i.

Nínú fọ́ọ̀mù 1911, wọ́n bi àwọn abilékọ pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló wà láyé. Ọlọ́pàá ló ń gba fọ́ọ̀mù náà láti ilé dé ilé. Bàbá Nora kò mọ̀wé, àmì X ló fi síbi tó yẹ kó fọwọ́ sí. Nínú àpótí ti ìyàwó rẹ̀, 11 ni wọ́n kọ, lẹ́yìn náà 7. Mo tẹjú mọ́ 7 yẹn títí. Ta ni kò sí mọ́? Ṣé wọ́n ka Nora mọ́ àwọn tó wà láyé?

Ìwé ìsàmì ló wá yọ wá. Láti 2015 ni Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti gbé ìwé àwọn ìjọ Kátólíìkì síta fún gbogbo ayé láti wò. Òru mẹ́ta ni mo fi wá Nora, kò sí Nora kankan. Àṣé èdè Látìnì ni Fadá fi ń kọ ọ́: Jacobus ni James, Gulielmus ni William, Honora ni Nora, Honora yìí kan náà ló sì ń di Hannah nígbà míì. Oṣù Karùn-ún 1876 ni a ti rí i. Tàdáwà ti ràn, igun ojú ìwé ti ya, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pé: ọmọ, bàbá, ìyá pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá tirẹ̀, lẹ́yìn náà bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì. Honora méjì ni wọ́n ṣe ìsàmì fún lọ́dún náà, bàbá méjèèjì sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Orúkọ ilé ìyá ló jẹ́ ká mọ tiwa yàtọ̀.

A wá lọ sínú ìwé èrò ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí New York. Ní 1899, ọmọbìnrin mẹ́rin ló bá a ṣe orúkọ. Wọ́n máa ń bi wọ́n pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ. Ọ̀kan, Hannah, ẹni ọdún 23, ọmọ ọ̀dọ̀, ní ọ̀dọ̀ àǹtí òun ní Brooklyn ni. Àdùkẹ́, orúkọ àǹtí yẹn ni orúkọ ìyá ìsàmì tó gbé e lọ́wọ́ ní 1876! Ara mi bù máṣọ. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1900, ó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ìdílé kan ní Brooklyn níbẹ̀.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Màmá lórí ibùsùn. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n na ìka wọn, wọ́n fi tọ orúkọ náà láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bá àwọn pa iná, àwọn fẹ́ gbàdúrà.

Lẹ́yìn 1900, a kò tíì rí i. Tó bá ti lọ́kọ, orúkọ ọkọ ti bò ó mọ́lẹ̀ nìyẹn, ìwé ìgbéyàwó ni à ń wá báyìí.

Àdùkẹ́, mo wá jókòó, mo ronú pé ìyá tó bí ìyá Màmá mi, “Ìyá Ẹlẹ́kọ” ni mo máa ń gbọ́. N kò mọ orúkọ wọn. Jọ̀wọ́, tí o bá dé ọ̀dọ̀ Màmá mi ní Ìjẹ̀bú, bá mi béèrè: orúkọ wọn, oríkì wọn, ilé tí wọ́n ti bí wọn kí wọ́n tó wọlé ọkọ. Gba ohùn Màmá sórí fóònù rẹ. Bá wọn bó ẹ̀gúsí, ìgbà tí ọwọ́ wọn bá dí ni ọ̀rọ̀ máa ń wá sí wọn lẹ́nu. Má sì jẹ́ kí wọ́n tún sọ fún ọ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń jẹ́.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Táyé