Àga ará ilé bàbá ọmọ: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín o. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé kò sí ohun tí ojú mi ò tíì rí nínú ọ̀rọ̀ oyún ọmọdé. Ìgbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Freetown, ní Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ni mo mọ̀ pé ó ṣì ku.

Ìyàwó pásítọ̀ wọn ló mú mi lọ sí ilé kan lápá Kissy, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn ọmọbìnrin tó lóyún tí wọ́n lé kúrò nílé. Mọ́kànlá ni mo bá níbẹ̀. Bí a ṣe wọlé ni ọ̀kan dìde nídìí agbada àkàrà, ó ní, "Kushe, ma." Àyà mi já. "Ẹ kú iṣẹ́" wa ni! Àwọn ará wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú láyé ìjọ́un ló gbé e débẹ̀, ó sì wà lẹ́nu àwọn Krio, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà, títí dòní. Ìkómọjáde náà wà lọ́dọ̀ wọn. Komojade ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo lọ gan-an ni wọ́n fẹ́ kó ọmọ kan jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá ọmọ náà. Wọ́n to àga mẹ́fà sí apá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún àwọn ará ilé bàbá ọmọ, wọ́n sì tẹ́ aṣọ funfun lé e. Ọmọ yìí ò gbójú kúrò lẹ́nu géètì. Bí ọ̀kadà kan bá ti dún, á tún ìró rẹ̀ ró, á gbé ọmọ sọ́wọ́ kejì. Nígbà tó di aago méjìlá, ìyá tó ń tọ́jú wọn rọra ká aṣọ funfun náà. Ó wá ní èmi tí mo jẹ́ Yorùbá, tí mo sì dàgbà, kí n bá wọn gbé ọmọ jáde. Mo ní kí wọ́n da omi sórí páànù bí ìyá ìyá mi ti máa ń ṣe, mo gbé ọmọ gba abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kọjá. Ó ké. Gbogbo ilé pariwo ayọ̀, àfi ìyá rẹ̀ tó ṣì ń wo géètì.

Ojú àwọn ọmọ ibẹ̀ ti rí nǹkan. Nígbà tí àrùn Èbólà jà ní 2014, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Òbí kú, ebi wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì lóyún, wọ́n fipá bá àwọn mìíràn lò pọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní oṣù kẹrin 2015, ìjọba ní ọmọ tí oyún rẹ̀ bá ti hàn kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní kíláàsì. Àwọn olùkọ́ kan ń fọwọ́ tẹ ikùn àti ọmú ọmọ ọlọ́mọ láti mọ ẹni tó lóyún. Ibòmíràn tí wọ́n ṣí fún wọn, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, iṣẹ́ mẹ́rin péré. Ọmọkùnrin tó fún wọn lóyún ń lọ sílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan. Abuja, ní Nàìjíríà wa níbí, ni ilé ẹjọ́ ECOWAS ti dá òfin náà lẹ́bi ní oṣù kejìlá 2019, ìjọba Sierra Leone sì fagi lé e ní oṣù kẹta 2020.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo rántí ara mi. Lẹ́nu iṣẹ́, bí ọmọ kékeré bá ń rọbí tó ń ké, a máa ń bú u pé, "Nígbà tí ò ń ṣe é, ṣé o pè wá?" Ẹnu mi yìí sọ ọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan. Ó dákẹ́. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀, kò lè pè wá mọ́. Aṣọ tó rin gbingbin lábẹ́ rẹ̀ la fi mọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́ títí dòní níbikíbi tó bá wà.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Èmi àgbà ni mò ń sọ fún yín: ẹ má fi òwe yẹn sọ̀rọ̀ oyún. Mo mọ ọmọ tó gbà á gbọ́, tó gbé ohun tí wọ́n pò fún un mu. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìwọ ọmọbìnrin, bí o kò bá rí nǹkan oṣù rẹ, má fi aṣọ bò ó títí di oṣù karùn-ún. Wá àgbà kan tó o fọkàn tán, kódà bó bá máa kọ́kọ́ pariwo. Ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò tíì fẹ̀ tó. Ọmọ lè há síbẹ̀, kí ìtọ̀ sì máa dà lára ìyá láìdá lẹ́yìn ìbí. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ló fipá mú ọ, ẹ̀bi rẹ kọ́. Má wẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, má jẹ̀ẹ́ kí wákàtí 72 kọjá, torí oògùn wà tí wọ́n lè fún ọ kí oyún má dúró, kí kòkòrò HIV má sì wọlé.

Ìwọ ọmọkùnrin, àwọn àga mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́ kí o máa rí. (Àgbàlagbà tó fún ọmọdé lóyún, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni tirẹ̀, èmi ń bá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀.) N kò ní kí ẹ fẹ́ra yín, ọmọdé méjì tí wọ́n fipá so pọ̀ kì í di ilé. Ṣùgbọ́n mú ìyá rẹ, mú ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ẹ lọ jókòó. Bó bá jẹ́ ọṣẹ àti ìkòkò omi lo lágbára rẹ̀, gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń di òbí, ẹ mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yẹn la máa ń gbàgbé.

Ọmọ Kissy yẹn ti padà sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nínú yúnífọ́ọ̀mù, ojú omi ọmú ríbítí níwájú ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n ní àsìkò ìsinmi ló máa ń sáré wálé wá fún ọmọ lọ́mú.

Ládùúgbò wa níbí, ọmọ kan wà tí mi ò rí lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ láti oṣù méjì, ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé ó lọ sí Ìbàdàn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé lánàá. Ní Sátidé màá lọ kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni ìyá yín,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.