Ẹni tó ń ra oúnjẹ ẹran ọ̀sìn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé oúnjẹ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ di epo ọkọ̀ sọ òótọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ìpínlẹ̀ Iowa tí mò ń gbé ni wọ́n ti ń ṣe ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe láti lò bí epo ọkọ̀, jù ní ilẹ̀ yìí. Sítáàṣì inú àgbàdo nìkan ni wọ́n ń lò. Purotéènì, òróró àti èèpo á ṣẹ́kù, bí èérí ṣe ń ṣẹ́kù nínú asẹ́ tí wọ́n bá sẹ́ ògì tán. Nínú àgbàdo tó tẹ̀wọ̀n páùn 56, nǹkan bíi páùn 17 ló ń di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Ta ni yóò wá rà á? Tútù rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà ilé iṣẹ́ tí ọgbà màlúù bá yí ká, bíi ti ìpínlẹ̀ Nebraska, ló rọrùn fún: kò ní náwó gáàsì láti mú kó gbẹ. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ yan án gbẹ, kí wọ́n sì wá ọkọ̀ ojú omi. Ṣáínà ni wọ́n gbójú lé jù nígbà kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, Ṣáínà gbé owó ibodè tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ni ọjà bá dojú rú. Ọpẹ́lọpẹ́ Mẹ́síkò tó ń rà á.

Ti Ṣáínà, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló ń dùn mí. Bí sítáàṣì bá ti lọ, ìdá tí èròjà kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù kó nínú rẹ̀ á di bí ìlọ́po mẹ́ta: purotéènì á pọ̀ sí i, oró ara àgbàdo tó ti bu náà á pọ̀ sí i. Bí iná bá mú un jù, á dúdú, lysine, èròjà purotéènì kan tí adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ nílò, tí kò tó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì bàjẹ́. Imí-ọjọ́ tó bá pọ̀ jù, ọpọlọ màlúù ló ń kọ lù. Aládìẹ tó gbọ́n á wo àwọ̀ kó tó dúnàádúrà. Tí ilé iṣẹ́ méjì bá wá ń ta ohun tí kò jọra lórúkọ kan náà, owó èyí tó burú ni yóò san fún méjèèjì.

Kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò gbogbo ẹrù, kí èsì rẹ̀ sì bá ẹrù dé ọ̀dọ̀ olùrà. Owó ni yóò ná wọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ló ní ìpín nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Ní ìpàdé ọdọọdún, ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn ọ̀gá, kí wọ́n tó béèrè èrè.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Iowa, Amẹ́ríkà